Ojú Ni Ọ̀rọ̀ Wà: Àmì Ìfojúsọ̀rọ̀ Nínú Àtẹ̀jíṣẹ́ àti Ìperí Tí Ó Yẹ Wọ́n

1. Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Bí ènìyàn méjì bá ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe etí nìkan ni olùgbọ́ fi ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ fún un. Ó ń wo ojú ẹni tí ń sọ̀rọ̀, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀, ó sì ń fetí sí bí ohùn rẹ̀ ṣe ń lọ sókè sódò, kí ó tó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà fì sí. Bí ìyá bá wí fún ọmọ rẹ̀ pé 'O káre', ìyìn ni bí ẹ̀rín bá wà lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ranjú mọ́ ọmọ náà bí ó ti ń wí i, ìbáwí ni. Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ojú ni ó yí i padà.

Ìwé kíkọ kò ní ojú. Nígbà tí ó jẹ́ pé lẹ́tà orí bébà ni àwọn ènìyàn ń kọ sí ara wọn, àyè wà fún akọ̀wé láti fi gbólóhùn mélòó kan ṣe àlàyé pé eré ni òun ń ṣe tàbí pé inú ń bí òun. Àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù kò fi àyè bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni, kíákíá sì ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, nínú ọkọ̀ tàbí nídìí ọjà. Ìdí nìyí tí àwọn ènìyàn fi ń fi àmì kékeré tí ó ní ojú, ẹnu tàbí ọwọ́ kún ọ̀rọ̀ wọn. Àwọn àmì wọ̀nyí ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé lórí. Ohun mẹ́ta ni ó fẹ́ ṣe: láti sọ bí àwọn àmì náà ṣe bẹ̀rẹ̀, láti ṣe àyẹ̀wò iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nínú àtẹ̀jíṣẹ́ tí a fi èdè Yorùbá kọ, àti láti dá ìperí tí ó bá wọn mu.

Àgbègbè Alímọ̀ṣọ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó ni àyẹ̀wò náà fi ṣe ibùdó. Ilẹ̀ Àwórì ni àgbègbè yìí, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú, Ẹ̀gbá, Ọ̀yọ́, Èkìtì, Ègùn, Ìgbò àti ẹ̀yà mìíràn ti kún inú rẹ̀. Ìkànìyàn ọdún 2006 ka ènìyàn 1,277,714 níbẹ̀. Láti Ẹ̀gbẹ́dá dé Ìkòtún, àti láti Ìkòtún dé Ìgándò, sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọkọ̀ kì í jẹ́ kí ènìyàn tètè fojú kan ara wọn. Oníṣòwò tí ó wà ní ọjà Ìkòtún àti oníbàárà rẹ̀ tí ó wà ní Ìgándò ń fi fóònù parí ọ̀rọ̀ tí àwọn òbí wọn ì bá fi ojúkojú sọ. Ibi tí ojú kò ti rí ojú ni àmì ojú ti wúlò jù.

2. Bí àwọn àmì náà ṣe bẹ̀rẹ̀

Oríṣi méjì ni àwọn àmì wọ̀nyí, ó sì yẹ láti yà wọ́n sọ́tọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Oríṣi kìíní ni èyí tí wọ́n fi àmì ìkọ̀wé lásán tò pọ̀. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án ọdún 1982, Scott Fahlman, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Carnegie Mellon ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, rí i pé àwọn ènìyàn ń ka àwàdà tí ẹlẹgbẹ́ wọn kọ sórí kọ̀ǹpútà sí ọ̀rọ̀ gidi. Ó dá a lábàá pé kí ẹni tí ó bá ń ṣàwàdà fi àmì :-) sí ìdí ọ̀rọ̀ rẹ̀, kí ẹni tí kò ṣàwàdà sì fi :-( sí i. Tóótó méjì ni ojú méjèèjì, ìlà kékeré ni imú, àkámọ́ sì ni ẹnu. Ẹni tí ó bá ń kà á ní láti dà bí ẹni tí ó tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ó tó rí ojú náà.

Láàárín ọdún díẹ̀ sí i, àwọn ará Japan náà bẹ̀rẹ̀ sí í to tiwọn. Tiwọn dúró gangan, bí irú èyí: (^_^). Ìyàtọ̀ pàtàkì kan wà láàárín ti Amẹ́ríkà àti ti Japan. Ẹnu ni ó ń yí padà nínú ti Amẹ́ríkà: bí àkámọ́ bá kọjú síhìn-ín, ẹ̀rín ni, bí ó bá kọjú sọ́hùn-ún, ìbànújẹ́ ni. Nínú ti Japan, ẹyinjú ni ó ń yí padà, ẹnu lè má yí rárá. Ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo ni ó kó àwọn méjèèjì pọ̀, nítorí pé 'ojú' jẹ́ ẹyinjú, ó sì jẹ́ gbogbo iwájú orí ènìyàn. Kókó yìí yóò wúlò nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dé orí ìperí.

Oríṣi kejì ni èyí tí ó jẹ́ àwòrán. Ilé-iṣẹ́ fóònù ní Japan gbé e jáde ní àwọn ọdún tí ó parí ọ̀rúndún ogún. Èyí tí ó lókìkí jù ni àkójọ àmì 176 tí Shigetaka Kurita yà fún ilé-iṣẹ́ NTT DoCoMo ní ọdún 1999. Tóótó 12 ní ìbú àti 12 ní òró ni wọ́n fi ya ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Orúkọ tí àwọn ará Japan ń pè é ni emoji: 'e' jẹ́ àwòrán, 'moji' jẹ́ lẹ́tà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń tọ́ka sí ìmọ̀lára ni ó wà nínú orúkọ náà, ṣùgbọ́n kò sí níbẹ̀; àjọbá lásán ni.

Ní ọdún 2010, Àjọ Unicode, tí ó ń fún gbogbo lẹ́tà ayé ní nọ́ńbà kí kọ̀ǹpútà kan lè lóye òmíràn, gba àwọn àwòrán wọ̀nyí wọlé. Láti ìgbà náà ni fóònù tí wọ́n tà ní Ẹ̀gbẹ́dá àti èyí tí wọ́n tà ní Tokyo ti lè ka àmì kan náà. Ní ọdún 2015 ni wọ́n fi àwọ̀ ara oríṣiríṣi kún un, kí ọwọ́ àti ojú má baà jẹ́ aláwọ̀ pupa rúsúrúsú nìkan.

Ní Nàìjíríà, ọdún 2001 ni fóònù alágbèéká bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọwọ́ mẹ̀kúnnù. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan gba lẹ́tà 160 bí ó bá jẹ́ pé kìkì lẹ́tà tí ó wà nínú àkójọ kékeré ti ẹ̀rọ náà ni wọ́n lò. Ẹ, ọ àti ṣ kò sí nínú àkójọ yẹn. Bí ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn bá wọlé, àyè lẹ́tà 160 náà yóò dín kù sí 70, olùfiránṣẹ́ sì lè san owó àtẹ̀jíṣẹ́ méjì fún ọ̀rọ̀ kan. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti àmì àwòrán. Ojú tí wọ́n fi tóótó àti àkámọ́ tò kò ní ìnáwó yìí, òun ni ó sì kọ́kọ́ gbilẹ̀. Nígbà tí WhatsApp àti irú rẹ̀ dé, tí kò sí ẹni tí ń ka iye lẹ́tà mọ́, àwòrán borí.

3. Àrokò àti ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú rẹ̀

Kò sí ohun tuntun nínú pé kí Yorùbá fi àmì ránṣẹ́. Àrokò ti wà kí ìwé tó dé. Ní ọdún 1887, G. W. Bloxam tẹ àlàyé jáde ní Ìlú Ọba lórí àwọn àrokò kan tí ó wá láti ilẹ̀ Yorùbá. Nínú irú àrokò bẹ́ẹ̀, owó ẹyọ méjì tí wọ́n so ní ìkojúsíra ń sọ ti ìbátan àti ìfẹ́ láti ríra. Bí wọ́n bá so wọ́n ní ìkẹ̀yìnsíra, ìjà ti dé. Owó ẹyọ mẹ́fà ń sọ pé ọkàn ẹni tí ó fi ránṣẹ́ fà sí ẹni tí ó gbà á, nítorí pé 'ẹ̀fà' àti 'fà' jọ dún. Bí ẹni tí ó gbà á bá dá mẹ́jọ padà, ó ti sọ pé èrò àwọn jọ, nítorí 'ẹ̀jọ' àti 'jọ'.

Ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà nínú èyí fún ẹni tí ń ṣe àyẹ̀wò àmì orí fóònù. Èkíní ni pé kì í ṣe ìrísí àmì nìkan ni ó ń fún un ní ìtumọ̀. Kò sí ẹni tí yóò wo owó ẹyọ mẹ́fà tí yóò rí ìfẹ́ níbẹ̀ bí kò bá gbọ́ Yorùbá. Èkejì ni pé ẹni tí ó fi ránṣẹ́ àti ẹni tí ó gbà á gbọ́dọ̀ ti jọ mọ àdéhùn kan náà. Bí àrokò bá bọ́ sọ́wọ́ àjèjì, ẹyọ lásán ni. Àwọn àwòrán orí fóònù ń tan ènìyàn jẹ ní ti èyí: nítorí pé ojú ènìyàn ni wọ́n yà, gbogbo ènìyàn ni ó rò pé òun mọ̀ ọ́n kà.

4. Iṣẹ́ tí àmì ń ṣe nínú àtẹ̀jíṣẹ́ Yorùbá

Bí a bá wo àtẹ̀jíṣẹ́ tí àwọn ará ilé, àwọn ẹlẹ́gbẹ́ àti àwọn oníṣòwò ń fi ránṣẹ́ sí ara wọn, iṣẹ́ mẹ́rin ni ó hàn.

(i) Ìfihàn ohùn ọkàn. Èyí ni iṣẹ́ tí Fahlman rò. 'O ò tíì sanwó mi o' jẹ́ ìbínú bí ó bá dá dúró. Bí ojú ẹlẹ́rìn-ín bá tẹ̀lé e, ìránnilétí láàárín ọ̀rẹ́ ni.

(ii) Ìbọ̀wọ̀. Ọmọ Yorùbá kì í kí àgbà lóòró. Ọkùnrin yóò dọ̀bálẹ̀, obìnrin yóò kúnlẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu gbé díẹ̀ nínú ìbọ̀wọ̀ náà, nítorí 'ẹ' yàtọ̀ sí 'o'. Ṣùgbọ́n ara ni ó gbé ìyókù. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí ó bá kọ 'Ẹ káàárọ̀ mà' sí ìyá wọn ń fi àmì ẹni tí ó kúnlẹ̀ kún un. Ọdún 2019 ni àmì yìí wọ inú àkójọ Unicode. Kò sí àmì ìdọ̀bálẹ̀ gan-an. Èyí tí ó sún mọ́ ọn ni àmì ẹni tí ó dorí kodò, tí ọwọ́ méjèèjì rẹ̀ wà nílẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ fún ìdáríjì tàbí ẹ̀bẹ̀ líle ni ó jẹ́ ní Japan tí wọ́n ti yà á, ṣùgbọ́n ojú ìkíni ni ọmọ Yorùbá lè fi wò ó.

(iii) Ìtọ́sọ́nà sí ìtumọ̀. Àwọn tí ń tẹ Yorùbá lórí fóònù kì í sábà fi àmì ohùn àti tóótó abẹ́ lẹ́tà sí i. Nítorí náà 'Mo ti ra oko' lè jẹ́ ọkọ̀, ó lè jẹ́ ọkọ́, ó sì lè jẹ́ ọ̀kọ̀. Bí àwòrán ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ bá tẹ̀lé e, ọ̀rọ̀ parí. Níhìn-ín, àwòrán ń ṣe iṣẹ́ tí àmì ohùn ì bá ṣe. Iṣẹ́ yìí kò sí nínú ohun tí àwọn tí ó dá àmì náà sílẹ̀ ń rò. Ipò tí ìkọ Yorùbá wà lórí ẹ̀rọ ni ó bí i.

(iv) Ìrọ́pò ọ̀rọ̀. Nígbà mìíràn àmì kan ṣoṣo ni èsì, láìsí ọ̀rọ̀ kankan. Àtàǹpàkò tí ó nàró ni ó wọ́pọ̀ jù. Iṣẹ́ yìí ni ó sún mọ́ ti àrokò jù, òun náà sì ni ó léwu jù.

5. Àṣìkà

Ohun mẹ́ta ni ó ń fa àṣìkà, ìyẹn kí olùgbà ka ojú tí olùfiránṣẹ́ kò rán sí i.

Èkíní ni ìrísí. Ojú tí ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀ wà lára àwọn tí ayé ń lò jù. Òun ni àwọn olùṣe ìwé atúmọ̀ èdè Oxford yàn ní ọ̀rọ̀ ọdún 2015. Omijé náà ni àgbàlagbà tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa yóò kọ́kọ́ rí. Bí wọ́n bá kọ́ ọ sí ẹbí pé bàbá àgbà ti papò dà, tí àgbàlagbà kan ní Ìgándò sì fi ojú yìí ránṣẹ́ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, ẹkún ni ó rò pé òun sun. Àwọn ọmọ olóògbé yóò rí i pé ẹ̀rín ni wọ́n fi òkú bàbá àwọn rín. 'Ẹ kú ara fẹ́ra kù' kì bá má fa irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀.

Èkejì ni àṣà. Àtẹ́lẹwọ́ tí ó là, tí ìka márààrún rẹ̀ nà síta, jẹ́ àmì ìkíni tàbí ìdádúró lọ́dọ̀ àwọn tí ó yà á. Ní Èkó, ọwọ́ bẹ́ẹ̀ tí wọ́n bá nà sójú ènìyàn ni wọ́n ń pè ní wáká, èébú ìyá ẹni sì ni. Bákan náà ni ti àtẹ́lẹwọ́ méjì tí ó pàdé: ẹlòmíràn ń fi í gbàdúrà, ẹlòmíràn ń fi í dúpẹ́, ẹlòmíràn ń fi í bẹ̀bẹ̀. Bí oníbàárà bá fi í dáhùn nígbà tí wọ́n béèrè owó lọ́wọ́ rẹ̀, kò yé ẹnikẹ́ni bóyá ó ń dúpẹ́ pé wọ́n rán òun létí ni, tàbí ó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n ní sùúrù.

Ẹ̀kẹta ni ẹ̀rọ. Nọ́ńbà ni fóònù ń fi ránṣẹ́, kì í ṣe àwòrán. Fóònù tí ó gbà á ni yóò ya àwòrán náà ní ọ̀nà tirẹ̀. Ní ọdún 2016, ilé-iṣẹ́ Apple sọ àwòrán ìbọn di ìbọn omi tí ọmọdé fi ń ṣeré, nígbà tí ó ṣì jẹ́ ìbọn gidi lórí ọ̀pọ̀ fóònù mìíràn. Ẹni tí ó fi ìbọn omi ṣeré sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè ti fi ìbọn gidi dẹ́rù bà á láìmọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ eré ni èyí. Ní ọdún 2021, oníṣòwò ọkà kan ní agbègbè Saskatchewan ní ilẹ̀ Kánádà ya fọ́tò ìwé àdéhùn, ó fi ránṣẹ́ sí àgbẹ̀ kan, ó sì ní kí ó fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Àtàǹpàkò tí ó nàró ni àgbẹ̀ náà fi dáhùn. Nígbà tí àkókò tó, kò kó irè oko náà wá. Àgbẹ̀ ní ohun tí òun sọ kò ju pé òun rí ìwé náà lọ. Oníṣòwò ní ó ti fọwọ́ sí i ni. Ní ọdún 2023 ni ilé-ẹjọ́ dájọ́ pé àmì náà dúró fún ìfọwọ́sí, ó sì pàṣẹ kí àgbẹ̀ san owó tí ó lé ní 82,000 dọ́là ilẹ̀ wọn. Ní ọdún 2024, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fara mọ́ ìdájọ́ náà. Ọ̀kan lára ohun tí ilé-ẹjọ́ wò ni pé àwọn méjèèjì ti máa ń fi èsì kúkúrú parí òwò bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìyẹn ni pé àdéhùn tí ó wà láàárín wọn ni ó sọ ohun tí àmì jẹ́, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí nínú àrokò.

Ẹjọ́ Kánádà kò de ilé-ẹjọ́ Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó wà nídìí rẹ̀ wà ní ọjà Ìkòtún. Bí ìyá aláṣọ bá kọ ọ́ sí oníbàárà pé 'Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé kí n gé aṣọ náà sílẹ̀? Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì náírà ni', tí àtàǹpàkò sì jẹ́ èsì, yóò gé aṣọ. Aṣọ tí wọ́n bá ti gé kò ṣeé dá padà sórí igi. Bí oníbàárà bá wá sọ pé 'Mo kàn ní mo ti rí iye tí ẹ pè é ni', ta ni yóò gbé gbèsè náà? 'Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ gé e' kò ju ọ̀rọ̀ márùn-ún péré lọ, ì bá sì ti parí ìjà kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

6. Ìṣẹ̀dá ìperí

Àwọn tí ó ti ṣiṣẹ́ lórí èdè-ìperí Yorùbá, pàápàá àwọn tí iṣẹ́ wọn wà nínú ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1984, fi hàn pé èdè náà lè gbé ìmọ̀ òde òní bí wọ́n bá fara balẹ̀ ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ fún un. Fún iṣẹ́ tí ó wà nílẹ̀ yìí, òṣùwọ̀n mẹ́rin ni ó yẹ: kí ìtumọ̀ ìperí hàn sí ẹni tí ó gbọ́ ọ; kí ó má ṣe dí ọ̀rọ̀ mìíràn lọ́wọ́; kí ó lè bí ìperí mìíràn; kí ó sì rọrùn lẹ́nu.

Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni àpilẹ̀kọ yìí gbé sórí òṣùwọ̀n náà.

(a) Ímójì. Àyálò ni. Ó rọrùn lẹ́nu, ó sì ti wà lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́. Ṣùgbọ́n kò sọ nǹkan kan fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, kò sì ya ojú sọ́tọ̀ kúrò lára àwòrán mọ́tò tàbí ìrẹsì. Kò sí ìtìjú nínú lílò rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́. Nínú ẹ̀kọ́ ni kò tó.

(b) Àmì ìmọ̀lára. Ìtumọ̀ rẹ̀ hàn. Àléébù rẹ̀ ni pé àtàǹpàkò kì í ṣe ìmọ̀lára. Ó sì tún mú kí ó dà bí ẹni pé ohun tí ó wà nínú olùfiránṣẹ́ ni àmì ń sọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí olùfiránṣẹ́ fẹ́ kí wọ́n rí ni ó fi ránṣẹ́. Ènìyàn lè sunkún lórí ibùsùn kí ó sì fi ojú ẹ̀rín ránṣẹ́.

(d) Àrokò ìgbàlódé. Ọ̀rọ̀ yìí dùn ún gbọ́, ó sì so ti òní mọ́ ti àná. Ṣùgbọ́n àrokò jẹ́ ohun tí ó ṣeé fọwọ́ kàn, ó ní ẹni tí ń gbé e lọ, ó sì sábà máa ń dá dúró láìsí ọ̀rọ̀ kíkọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àmì orí fóònù sábà máa ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ ni. Bí wọ́n bá fún un ní orúkọ àrokò, ọmọ tí a óò bí lọ́la lè má mọ ohun tí àrokò jẹ́ gan-an mọ́.

(e) Àmì ìfojúsọ̀rọ̀. Láti inú 'fi ojú sọ̀rọ̀' ni ó ti wá. Kò sí ọmọ tí ìyá Yorùbá tọ́ tí kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní fífi ojú sọ̀rọ̀: ìyá kò ní la ẹnu níwájú àlejò, ojú ni yóò fi sọ fún ọmọ pé kí ó má gba oúnjẹ náà. Iṣẹ́ tí àmì ń ṣe ni ìperí yìí sọ, kì í ṣe ìrísí rẹ̀. Ó gba ojú bí ti Amẹ́ríkà àti bí ti Japan. Ó sì ń bímọ: bí ọwọ́ bá ni, àmì ìfọwọ́sọ̀rọ̀; bí gbogbo ara bá ni, àmì ìfarasọ̀rọ̀.

Ìṣòro kan wà níbẹ̀ tí kò yẹ kí wọ́n bò mọ́lẹ̀. Ọwọ́ ni àwọn adití fi ń sọ èdè tiwọn, èdè náà sì pé, ó ní gírámà. Kí 'ìfọwọ́sọ̀rọ̀' má baà kó o pọ̀ mọ́ àtàǹpàkò orí fóònù, ọ̀rọ̀ náà 'àmì' gbọdọ̀ wà níwájú ìperí yìí nígbà gbogbo.

Ó ku bí wọn yóò ti ya oríṣi méjèèjì sọ́tọ̀. 'Ojú àtẹ̀' ì bá dára fún èyí tí wọ́n fi tóótó àti àkámọ́ ṣe, nítorí pé títẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kọ ọ́ láìsí àmì ohùn, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣe, kò ní yàtọ̀ sí àtẹ tí wọ́n ń pa ọjà lé. 'Ojú àtòpọ̀' sàn jù ú lọ, nítorí pé títò ni wọ́n to àwọn àmì ìkọ̀wé pọ̀ kí wọ́n tó di ojú. Èkejì yóò jẹ́ 'ojú alàwòrán'.

7. Àkójọ ìperí

Àmì ìfojúsọ̀rọ̀: àmì tí ó fara jọ ojú ènìyàn, tí wọ́n fi kún ọ̀rọ̀ kíkọ láti sọ irú ojú tí ó yẹ kí wọ́n fi kà á.

Ojú àtòpọ̀: àmì ìfojúsọ̀rọ̀ tí wọ́n fi àmì ìkọ̀wé tò, bí :-) àti (^_^).

Ojú alàwòrán: àmì ìfojúsọ̀rọ̀ tí ó jẹ́ àwòrán, tí ó ní nọ́ńbà nínú ẹ̀rọ.

Àmì ìfọwọ́sọ̀rọ̀: àwòrán ọwọ́ tàbí ìka, bí àtàǹpàkò tí ó nàró.

Àmì ìfarasọ̀rọ̀: àwòrán gbogbo ara, bí ẹni tí ó kúnlẹ̀ tàbí tí ó ń jó.

Àwòrán arọ́pò-ọ̀rọ̀: àwòrán nǹkan tí ó dúró ní ipò ọ̀rọ̀ tàbí tí ó la ọ̀rọ̀ yé ni, bí àwòrán ọkọ̀ lẹ́yìn 'oko'.

Àtẹ àmì: ibi tí wọ́n to gbogbo àmì sí lórí fóònù fún yíyàn.

Àṣìkà àmì: kí olùgbà fún àmì ní ìtumọ̀ tí olùfiránṣẹ́ kò ní lọ́kàn.

8. Ìgúnlẹ̀

Àwọn tí ń yan ohun tí yóò wọ àtẹ àmì jìnnà sí Alímọ̀ṣọ́, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Áfíríkà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ara wọn ya tiwọn. Ní ọdún 2018, O'Plérou Grebet, ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Côte d'Ivoire, ya àmì kan lójoojúmọ́ fún odidi ọdún kan, láti fi oúnjẹ, aṣọ àti ìṣesí ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà hàn. Kò sí ohun tí ó dí Yorùbá lọ́wọ́ láti ya ìdọ̀bálẹ̀.

Ṣùgbọ́n yíyà kọ́ ni ó ṣòro jù. Ohun tí ó ṣòro ni kí ẹni tí ó fi ránṣẹ́ àti ẹni tí ó gbà á jọ mọ ohun tí àmì ń sọ. Ìdí nìyí tí orúkọ fi ṣe pàtàkì. Bí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní Ẹ̀gbẹ́dá bá mọ̀ pé àmì ìfojúsọ̀rọ̀ ni ó ń lò, yóò mọ̀ pé ojú ń ran ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni, kì í gba ipò rẹ̀. Nínú eré àti àwàdà, ojú lè dá dúró. Níbi tí ọ̀rọ̀ owó bá wà, tàbí ọ̀rọ̀ òkú, tàbí ọ̀rọ̀ sí àgbà, ọ̀rọ̀ ni kí ó ṣíwájú, kí ojú tẹ̀ lé e. Ẹyin ni ohùn. Bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Àmì tí ó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ dà bí ọwọ́ tí ó gbe ẹyin náà. Ọwọ́ tí kò sì ní ẹyin nínú kò gbe nǹkan kan.